Ohun Tí Màmá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta Rò

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ìyàwó mi ti ń jókòó sí tábìlì kékeré kan lábẹ́ àga Abẹnugan ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, tó ń kọ gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ilé bá sọ sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí o. Bí ọnárébù kan bá wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀, ìyàwó mi á kọ ọ́ pé ó wúkọ́. Bí ẹnì kan bá bú ẹnìkejì rẹ̀, tí Abẹnugan sì ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, á kọ èébú náà, á sì kọ pé ó ti kó o jẹ. Màmá Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ilé máa ń ka àbádòfin kó tó di òfin, òun náà kì í sì í jẹ́ kí bébà kúrò lọ́wọ́ òun láìkà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orúkọ yẹn tẹ̀ lé e délé. Èmi gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí inú mi bá dùn, àti nígbà tí inú bá ń bí mi.

Káfíńtà ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́yìn ilé, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ sí fèrèsé pálọ̀. Ẹnu mi kì í dákẹ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tí mi ò ní èrò lé lórí, láti orí ìjọba títí dé bí aládùúgbò wa ṣe ń sá aṣọ. Ọlọ́run wá fún mi ní ìyàwó tí kò lérò. Bí mo bá bi í pé irú kọ́bọ́ọ̀dù wo ló fẹ́, á ní, "Bí ẹ bá ṣe rí i." Bí mo bá ní kó mú nínú àwọ̀ méjì, á ní méjèèjì ló dára. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ti jọ wà, mi ò sì lè búra lórí àwọ̀ tí ìyàwó mi fẹ́ràn. Ọjọ́ tí mo fi ẹ̀hónú bi í léèrè ìdí ẹ̀, ohun tó sọ ni pé, "Akọ̀wé kì í lérò, Bàbá. Ọjọ́ tí akọ̀wé bá ti lérò, ìwé ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn kí ọ̀gá àgbà òṣìṣẹ́ tuntun tó dé sí ilé ìgbìmọ̀. Kò tíì pé oṣù kan tó fi kọ lẹ́tà sí gbogbo ènìyàn. Lẹ́tà náà sọ pé àwọn ọmọ ilé àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn yóò gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan tó wà ní ìlú mìíràn, lórí bí a ṣe ń gbé ètò ìlú kalẹ̀ àti bí a ṣe ń kọ òfin tó ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Wọn yóò so òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ ọnárébù kan. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni oró wà: òṣìṣẹ́ tí kò bá gba ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kò ní jókòó nínú gbọ̀ngàn mọ́, yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí ní òdìkejì ìlú ni wọ́n máa gbé e lọ. Mo mọ yàrá yẹn, torí èmi ni mo tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe lọ́dún kan. Òkùnkùn ni, eku ló ni ín, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí ènìyàn á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún méjì péré ló sì kù kí ìyàwó mi fẹ̀yìn tì.

Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ká a, ó fi í sínú àpò. Ó fi tíì rẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi tutù, èmi tí mo mọ̀ ọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Ọmọ wa obìnrin wá ní ọjọ́ Sátidé, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìjẹun, ó sì lẹ bébà pélébé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọfà: ibí ni kí ẹ tẹ̀ kí ohùn jáde, ibí ni kí ẹ tẹ̀ kí ohùn má jáde. Ó yíjú sí mi, ó ní kò gbọ́dọ̀ sí ayùn, kò gbọ́dọ̀ sí òòlù, láti aago mẹ́wàá sí aago méjìlá lọ́jọ́ méjì yẹn. Èmi, nínú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́. Mo ní ó dáa. Gúlù ni mo wá ń fi àsìkò yẹn pò, nítorí gúlù kì í pariwo, mo sì wá ibì kan dúró sí lẹ́bàá fèrèsé níbi tí mo ti lè máa pò ó.

Ẹ ò rí kíláàsì àkọ́kọ́. Olùkọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ jígí, tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó kí gbogbo wọn káàárọ̀. Ọnárébù àgbà kan, tó ti wọlé ìbò lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òun ò mọ bí a ṣe ń bá ojú tí kò tóbi ju èékánná lọ sọ̀rọ̀. Òmíràn dìde pé kíláàsì ò tíì lè bẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ ò tíì tó iye tí òfin ní kó pé kí ilé tó jókòó. Olùkọ́ ní kíláàsì nìyí, kì í ṣe ìjókòó ilé. Wọ́n ní àwọn mọ̀, àmọ́ kí wọ́n kà á. Wọ́n kà á. Nígbà tó pé, wọ́n dá àbá pé kí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan kín in lẹ́yìn, Olùkọ́, tí ìyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, wá ní kí àwọn tó bá fara mọ́ ọn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kò sí ẹni tó dún. Mo yọjú láti ojú fèrèsé, mo rí ogún ẹnu tó là lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn ń pariwo bẹ́ẹ̀ ni, tí kò sí ìkankan nínú wọn tó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀ kí ohùn tó jáde. Olùkọ́ ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n tún là á. Ọnárébù àgbà bínú, ó ní àbá náà ti wọlé, òun kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fagi lé e. Ẹ̀rín pa mí débi pé gúlù ta sí mi lára. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́rí ba, ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo wo ìwé rẹ̀ lẹ́yìn náà, ibi mọ́kànlá ló kọ ọ́ sí pé, "Olùkọ́ béèrè bóyá wọ́n ń gbọ́ òun."

Ọnárébù tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn ni wọ́n ń pè ní Mo-Kín-In-Lẹ́yìn. Oníbúrẹ́dì ni kó tó wọlé ìbò, ènìyàn jẹ́jẹ́ tó tóbi bí ilẹ̀kùn, tí àdúgbò rẹ̀ dìbò fún nítorí pé kì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ọdún méjì ló ti wà nílé ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ti sọ níbẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá dá àbá, á ní, "Mo kín in lẹ́yìn." Ìyàwó mi ti ṣírò rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n so pọ̀. Ọ̀kan ò lérò, èkejì ò lè sọ̀rọ̀ àfi tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹni tó ṣe ètò yẹn ò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò le lójú mi. Ìwé ojú kan ni. Lókè, ẹ ó kọ ìṣòro tó wà nílẹ̀; láàárín, ọ̀nà mẹ́ta tí a lè gbà yanjú rẹ̀ àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná ìlú; nísàlẹ̀, ẹ ó sọ èyí tí ẹ̀yin rò pé kí ilé mú, àti ìdí tí ẹ fi rò bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ní ọnárébù ò ráyè ka ìwé tó ga tó orúnkún, òṣìṣẹ́ tó bá lè fi ojú ìwé kan là á lọ́yẹ̀ ti ran gbogbo ìlú lọ́wọ́. Ìdánwò kìíní dá lórí ọ̀nà tó wọ ilé ìwòsàn kan. Ìyàwó mi kọ ìṣòro náà débi pé èmi tí mo kà á fẹ́ lọ tún ọ̀nà náà ṣe fúnra mi. Ọ̀nà àbáyọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ṣánṣán. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní kí ó sọ ohun tó rò, ó kọ ọ́ pé, "Ilé ni yóò pinnu." Wọ́n ní kí ọnárébù rẹ̀ fi tirẹ̀ kún un. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fi kún un.

Wọ́n gba mọ́kànlélógójì. Ní ìdánwò kejì, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó fi ìsàlẹ̀ ìwé sílẹ̀ lófo, ó fa ìlà kan síbẹ̀ kó má bàa dà bíi pé ó gbàgbé. Méjìdínláàádọ́ta. Olùkọ́ pè é lẹ́yìn kíláàsì, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó lajú sí ìṣòro bíi tirẹ̀, àmọ́ ìdajì máàkì wà nínú ìdánwò ìkẹyìn, kí àpapọ̀ rẹ̀ tó lè pé ọgọ́ta, kò gbọ́dọ̀ gba ohun tó kéré sí mẹ́rìndínlọ́gọ́rin níbẹ̀. Ìyàwó mi dúpẹ́. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì fi aṣọ bò ó bí ìgbà tí ènìyàn bo òkú.

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi, mi ò sì ní purọ́, mo sọ̀rọ̀ sí i. Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ní ṣé yóò jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ bá eku nítorí ìlà méjì tí ọmọ iléèwé lè kọ? Ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ bó ṣe máa ń gbọ́ ti àwọn ọnárébù. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, mi ò rí i kó sunkún. Ó ní, "Bàbá, àwọn tó ń bá ara wọn jà níbẹ̀, ọ̀tún àti òsì, ìwé mi nìkan ni wọ́n jọ gbà gbọ́. Wọ́n mọ̀ pé mi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tèmi, ta ló tún máa gba kálàmù mi gbọ́?"

Mo jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń fá pákó tí kò nílò fífá. Ojú tì mí, torí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń pe òtítọ́ inú obìnrin yẹn ní aláìlérò.

Sátidé tó ṣáájú ìdánwò ìkẹyìn, Ọnárébù Mo-Kín-In-Lẹ́yìn wá sílé wa. Ó gbé búrẹ́dì gígùn kan dání, tó ṣì gbóná, nítorí kò tíì fi iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀ pátápátá. Ṣọ́ọ̀bù ló ti bá wa, ó dọ̀bálẹ̀ fún èmi àti ìyàwó mi, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo ń ṣe lọ́wọ́. Ó ní òun ò lè sùn dáadáa mọ́, pé bí wọ́n bá gbé Màmá kúrò lábẹ́ àga yẹn nítorí àìlèsọ̀rọ̀ òun, òun ò mọ ojú tí òun máa fi wo ibẹ̀. Ìyàwó mi ní kò sí ẹ̀bi rẹ̀ ńbẹ̀. Olùkọ́ ti ní kí àwọn méjèèjì fúnra wọn mú ìṣòro kan tí wọ́n máa gbé wá síwájú kíláàsì. Ìyàwó mi bi í pé èwo ló fẹ́. Ó ní èyí tí Màmá bá mú. Màmá ní èyí tí Ọnárébù bá fẹ́. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo búrẹ́dì.

Ọpọlọ mi fẹ́ yí. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná tí mo fẹ́ fi pààrọ̀ ti àtijọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́, apá ibo ni kí n kan hínjì sí? Ọnárébù ní bí Màmá bá ti wí. Màmá ní bí mo bá ṣe rí i. Mo gbé ilẹ̀kùn náà kalẹ̀, mo jókòó lé e. Mo ní èmi ò rí i bí kan kan lónìí, ojú mi ti fọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní kúrò níbí títí ẹnì kan á fi sọ òsì tàbí ọ̀tún. Wọ́n rò pé mò ń ṣeré. A jókòó. Ọnárébù ń fi ẹsẹ̀ kó èérún pákó jọ. A jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí búrẹ́dì fi tutù.

"Òsì," ni ìyàwó mi sọ níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. "Òsì ni. Fèrèsé wà lápá ọ̀tún. Ọdún mọ́kànlá ni ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ kàn síbẹ̀ ti ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú tí mo bá ń gé nǹkan."

Mo dìde lórí ilẹ̀kùn náà. Ọdún mọ́kànlá! Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní mi ò bi òun. Mo ní mo bi í. Ó ní mo bi òun lóòótọ́, lẹ́yìn tí mo ti kàn án tán. Ọnárébù fi ọwọ́ bo ẹnu kó má bàa rẹ́rìn-ín sí àgbàlagbà. Èmi wá rántí ọjọ́ náà dáadáa, bí mo ṣe fi òòlù dání tí mo ń bi í pé ṣé ó wù ú, mo sì rí i pé kì í ṣe ìyàwó mi nìkan ló jẹ̀bi.

Ọnárébù ló wá sọ ohun tó tú gbogbo rẹ̀. Ó rọra bi í pé, "Màmá, kí ló tún ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ yín lójú, níbi iṣẹ́?"

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń kà á láti inú ìwé. Ó ní afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó yẹ kó wà níwájú iléèwé àwọn ọmọbìnrin tó wà ní títì márosẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án, láàárín ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Gbogbo ọmọ ilé ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ni nígbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lu tábìlì, wọ́n á lọ sílé. Kò sí ẹni tó ń padà béèrè. Nígbà tó bá tún di ọdún mélòó kan, ọnárébù tuntun á dìde, á dá àbá kan náà bíi pé òun ló kọ́kọ́ ronú rẹ̀, òun akọ̀wé á sì tún kọ ọ́. Ó ní afárá nìkan kọ́. Nínú mẹ́wàá tí ilé bá fọwọ́ sí, mẹ́ta péré ni ìwé òun fi hàn pé ẹnikẹ́ni padà wá jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Mo bi í pé kí ló rò. Ó wò mí, ó wo Ọnárébù. Ó ní, "Mo rò pé kí wọ́n fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ilé bá fọwọ́ sí ní ọjọ́. Tó bá pé àádọ́rùn-ún ọjọ́, kí ẹnì kan dìde, kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ bóyá wọ́n ti ṣe é tàbí wọn ò tíì ṣe é. Kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ni."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù tún bà á, ó ní ṣé èyí ò ní ba ìwé òun jẹ́. Ọnárébù ní báwo ló ṣe máa bà á jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé inú ìwé náà ló ti wá? Èmi wá sọ pé pẹ́ńsù méjì ló wà létí mi nígbà gbogbo, èyí tí mo fi ń wọn pákó oníbàárà àti èyí tí mo fi ń ya ohun tó wù mí, wọn ò sì dà pọ̀ rí. Mi ò mọ èwo nínú ọ̀rọ̀ wa ló wọ̀ ọ́ létí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó gé búrẹ́dì náà, ó pín in fún wa, ó sì ní kí n lọ kan hínjì mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, mi ò po gúlù kankan. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ fèrèsé, mo ń gbọ́. Àwọn mìíràn ti sọ tiwọn. Ọnárébù kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ fọ́tò rẹ̀ ló gbé síta, tí akọ̀wé rẹ̀ sì ń fi ohùn ẹlòmíràn dáhùn. Olùkọ́ ní kí fọ́tò náà jọ̀ọ́ mirí tó bá gbọ́ òun. Ìgbà tó kan àwọn tiwa, Ọnárébù Mo-Kín-In-Lẹ́yìn ló kọ́kọ́ gbé ìṣòro kalẹ̀. Ó ń kólòlò, mo ń gbọ́ bó ṣe ń yí bébà, àmọ́ ó sọ ọ́ dópin. Ó wá ní kí Màmá sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

Olùkọ́ béèrè bóyá wọ́n ń gbọ́ra. Mo di ọwọ́ mi méjèèjì. Mo gbàdúrà, èmi tí mi kì í gbàdúrà lọ́sàn-án.

"Èmi rò pé," ni ìyàwó mi wí. Ó dúró. Ó tún un wí, "Èmi rò pé," lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ jáde, ó tò, ó sì mọ́. Afárá, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án, mẹ́ta nínú mẹ́wàá, àádọ́rùn-ún ọjọ́. Olùkọ́ béèrè ibi tó ti rí àwọn iye yìí. Ó ní, "Èmi ni mo kọ wọ́n."

Ọnárébù àgbà tó ti wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin dá sí i pé kò tọ́ kí òṣìṣẹ́ fi ẹ̀sùn kan ilé, òun gan-an ò rántí pé ọ̀rọ̀ afárá kan wáyé rí. Ìyàwó mi ò gbé ohùn sókè. Ó sọ ọjọ́, oṣù àti ọdún tí ọkùnrin náà fọwọ́ sí afárá náà fún un, lẹ́ẹ̀kìíní, lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó wúkọ́, ó sì tún sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín sọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí lọ́jọ́ yẹn gbogbo wọn ti mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ọnárébù àgbà náà rẹ́rìn-ín níkẹyìn. Ó ní òun kó ọ̀rọ̀ òun jẹ.

Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n gbà. Ìyàwó mi ka máàkì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo lọ mú ayùn mi, mo fi gé pákó kan tí kò yẹ kí n gé, kí àdúgbò lè mọ̀ pé kíláàsì ti tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé jókòó, ìyàwó mi sì wà níbi tábìlì kékeré rẹ̀ lábẹ́ àga Abẹnugan. Ó sọ fún mi láàárọ̀ pé Ọnárébù fẹ́ gbé àbá àádọ́rùn-ún ọjọ́ náà wá sílé, pé bí n bá ráyè, kí n wá. Ó sọ pé òun fẹ́ kí n wá. Ẹnu rẹ̀ ni ó ti jáde, mi ò fi kún un. Mo wọ aṣọ tó dára jù, mo jókòó sí òkè níbi tí àwọn ará ìlú máa ń jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì tí ẹni tó kàn án ò mọ iṣẹ́.

Ọnárébù oníbúrẹ́dì dìde. Gbogbo ilé ti ń wo ẹni tó fẹ́ kín lẹ́yìn. Àbá ló dá. Nígbà tó parí, ẹnì kan yìn ín, ó ní òun ò mọ̀ pé ó ní irú ọgbọ́n báyìí. Ọnárébù oníbúrẹ́dì ní, "Abẹnugan, èrò yìí kì í ṣe tèmi. Màmá tó jókòó sábẹ́ àga yín yẹn ló ronú kàn án."

Gbogbo orí yí síbẹ̀. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí ẹni tó ń wo ibẹ̀. Kálàmù ìyàwó mi dúró. Abẹnugan tẹ̀ síwájú lórí àga, ó na ọrùn, ó yọjú wo abẹ́ tábìlì rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé òótọ́ ni?"

Òfin ilé ni pé òṣìṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ìyàwó mi mọ òfin yẹn ju ẹni tó ṣe é lọ. Kò dáhùn. Ó tẹ́rí ba, ó kọ ìbéèrè Abẹnugan sílẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dáa, kó kọ ìdáhùn náà tẹ̀ lé e, kó sì ka ibi tó dé fún ilé, nítorí òfin fún akọ̀wé láyè láti ka ohun tó kọ.

Ìyàwó mi kọ ọ́. Ó dìde, ó gbé ìwé náà sókè, ó sì kà á kí gbogbo ilé gbọ́: "Abẹnugan béèrè bóyá òótọ́ ni. Akọ̀wé dáhùn pé òótọ́ ni, èrò òun ni."

Mi ò mọ̀gbà tí mo dìde. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà sún mọ́ mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, wọn kì í dìde níbí." Mo sọ fún un pé ìyàwó mi nìyẹn. Ó ní òun ti mọ̀, omi ojú mi ti sọ fún òun, àmọ́ kí n ṣì jókòó. Mi ò jókòó. Orí ìdúró ni mo wà títí wọ́n fi dìbò, tí àbá náà wọlé, tí ìyàwó mi sì kọ ọ́ sílẹ̀.